Orúkọ Mẹ́ta fún Ìṣòro Kan

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: èmi ni mo kọ ìwé yẹn. Ojú ewé mẹ́rìndínlọ́gọ́fà ni, kò sí ìlà kan tí ọwọ́ ẹlòmíì wà nínú ẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ara ẹ̀ ò balẹ̀, ohun tó fà á nìyẹn.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ìwé atọ́nà. Ilé iṣẹ́ wa ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà kan tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn: orúkọ, ọjọ́ orí, irú ẹ̀jẹ̀, oògùn tí ara onítọ̀hún kọ̀. Àwọn tó ṣe ètò náà ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tó lè kọ ìlà méjì tó máa yé èèyàn nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà mí. Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ ọmọ ní àròkọ, Tíṣà náà ni wọ́n sì ń pè mí ní ọ́fíìsì títí dòní.

Ilé ìwòsàn tó kọ́kọ́ gba ètò náà, ibẹ̀ ni màámi ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá káàdì ni wọ́n wà, ó ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo mọ yàrá yẹn dáadáa, torí pé abẹ́ tábìlì ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá nígbà tí mo wà ní kékeré. Pẹpẹ kún ògiri dé òkè àjà, káàdì sì tò sórí wọn lẹ́sẹẹsẹ. Fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ kọjú sí yàrá àwọn apòògùn. Òfin kan ṣoṣo náà ni màámi ní fún gbogbo ẹni tó bá wá bá wọn ṣiṣẹ́: èèyàn kan, káàdì kan. Tí aláìsàn kan bá fi lè ní káàdì méjì, wọ́n á kọ ọ́ sórí ọ̀kan pé ara ẹ̀ kọ oògùn báyìí, dókítà á sì lọ mú ìkejì. Mo ti rí màámi tí wọ́n gbé irú káàdì méjì bẹ́ẹ̀ síwájú ọmọbìnrin kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, tí wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń wò ó, títí ọmọ ọlọ́mọ fi bú sẹ́kún.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ẹ̀rù bà wọ́n. Màámi ò ní sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn o. Wọ́n kàn ń nu ojú kọ̀ǹpútà náà ṣáá ni, láàárọ̀, lọ́sàn-án. Èmi ni mo sọ fún wọn pé, "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi ni mo kọ ìwé ẹ̀. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ ṣáà ti ṣí ìwé, ẹ máa rí i níbẹ̀." Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n fi bébà bò ó bí ìwé ọmọ iléèwé, wọ́n fi bírò kọ orúkọ mi sára ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá káàdì ni wọ́n ń fi hàn, àfi bíi pé mo bí ìbejì.

Lásìkò tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Fáìlì wọn ní ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà mọ́ tónítóní. Lẹ́tà ìbáwí kan ò wọ inú ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọṣẹ́, wọ́n sì ti sọ ọ́ fún wa débi pé àwa ọmọ lè bá wọn parí ẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Ajé, fóònù mi dún. Ohùn màámi lọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Ọmọ mi, kò sí àkọsílẹ̀ àárọ̀ yìí mọ́."

"Kò sí mọ́ báwo, Màámi?"

"Ó lọ. Gbogbo ẹ̀, láti aago méje. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ pé 'Àkọsílẹ̀ há'. Mo ṣí ìwé ẹ, mo ṣe ohun tó ní kí n ṣe. Gbogbo ẹ̀ sì lọ."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kò le. Tí ẹni méjì bá ṣí fáìlì aláìsàn kan náà lórí kọ̀ǹpútà méjì, tí àwọn méjèèjì sì fẹ́ kọ nǹkan sí i, ètò náà á gbé e fún ẹnì kan, á wá sọ fún ìkejì pé àkọsílẹ̀ há. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Kí ẹni àkọ́kọ́ ṣáà ti pa fáìlì tiẹ̀ dé, ó parí, kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ohun tí màámi ṣe yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n pa àkọsílẹ̀ ọjọ́ yẹn rẹ́, wọ́n dá ti àná padà, èyí tó jẹ́ pé àfi tí àkọsílẹ̀ bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe lèèyàn ń ṣe é. Aláìsàn mẹ́tàlélógójì ni wọ́n ti kọ sílẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Gbogbo wọn pòórá.

Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin kan, wọ́n ti ń gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá a padà, torí kò sẹ́ni tó lè búra sí irú ẹ̀jẹ̀ tó ní mọ́. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ara ẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n ọkọ ẹ̀ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún wákàtí méjì, ó ń béèrè ẹni tó fẹ́ pa ìyàwó òun, màámi sì wà nínú yàrá káàdì, wọ́n ń gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà ni lẹ́tà dé ilé iṣẹ́ wa pé ìgbìmọ̀ máa jókòó ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ ni kò bìkítà tàbí ohun tí a gbé fún wọn ló ní àléébù. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ni, lẹ́tà ìbáwí máa wọ inú fáìlì màámi, òun ni wọ́n sì máa fi fẹ̀yìn tì. Tó bá jẹ́ tiwa ni, wọ́n lè dá ètò náà padà, èmi náà á sì máa wáṣẹ́ kiri.

Ẹ ẹ̀ rí ìwà mi? Màámi ni mo kọ́kọ́ bínú sí. Mo ní báwo lèèyàn á ṣe ṣí ìwé tó ṣe kedere bẹ́ẹ̀, tí á lọ ka ibòmíì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo ṣí ìwé náà kí n lè fi han ara mi pé màámi ló jẹ̀bi. Mo lọ sí atọ́ka ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn, mo wá "há". Kò sí. Mo rò pé ojú mi ni, mo tún un wá.

"Há" lọ̀rọ̀ tí àwọn tó ṣe ètò kọ sójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mò ń kọ ìwé, ọ̀rọ̀ náà ò wù mí. Ó kúrú, kò lẹ́wà, lójú mi eegun ẹja ló ń há. Nítorí náà, ní ojú ewé kejìlélógún, mo pè é ní ìdènà àkọsílẹ̀. Ní ojú ewé kọkànlélógójì, mo pè é ní àkọsílẹ̀ tó di. Nígbà tí màá fi dé ojú ewé kẹtàdínláàádọ́rùn-ún, ó ti di ìforígbárí àwọn òǹlò. Ìṣòro kan náà ni o. Ohun kan náà lèèyàn á ṣe sí i. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ mẹ́ta, kò sì sí èyí tó bá ojú kọ̀ǹpútà mu nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣé ẹ mọ ìdí ẹ̀? Àròkọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń fi bírò pupa fa igi sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá lò lẹ́ẹ̀mejì. "Má tún un lò. Wá òmíràn. Èdè wa ò tòṣì." Bí mo ṣe máa ń wí nìyẹn, tí màá sì máa gbé àyà. Mo wá kó ìwà yẹn wọ inú ìwé tí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n máa ṣí láti fi gba ara ẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ "há" jù nínú gbogbo ìwé náà wà ní ojú ewé kẹtàlélọ́gọ́ta. "Àkọsílẹ̀ tó takú: kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Pa á rẹ́, kí o sì dá ti àná padà." Ibẹ̀ ni màámi gúnlẹ̀ sí. Èmi náà ì bá gúnlẹ̀ síbẹ̀.

Mo dìde lọ bá ọkùnrin tó ṣe apá ibẹ̀ nínú ètò náà. Ó-ti-tán la máa ń pè é, torí pé iṣẹ́ yòówù kí ẹ bi í léèrè, ó ti tán nìyẹn, kódà kó má tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

"Ṣé o ka ìwé mi kó tó jáde?"

"Mo kà á, Tíṣà."

"O ò rí i pé nǹkan kan náà ni mò ń pè lórúkọ mẹ́ta?"

Ó yọ ohun tó fi ń gbọ́ orin létí. "Mo rí i. Mo bi yín nígbà yẹn. Ẹ ní kí n lọ kọ́ èdè."

Mo rántí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, gbogbo ọ́fíìsì sì rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà.

Mo lọ sọ fún ọ̀gá wa láì fepo bọyọ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún.

"Tíṣà, ìwé kọ́ ló tẹ bọ́tìnnì. Tí wọ́n bá bi ẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe wà nínú ìwé. Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́, sà."

"Ó parí nìyẹn."

Kì í ṣe irọ́ lóòótọ́. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyẹn. Mo padà sídìí tábìlì mi, mi ò lè ṣe nǹkan kan títí aago mẹ́rin fi lù.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mo lọ sílé màámi. Wọ́n wà ní pálọ̀, wọ́n ń lọ aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n máa wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ kọ́là kan náà lójú mi. Ìwé mi wà lórí tábìlì, pẹ̀lú bébà ìbòrí ẹ̀, wọ́n sì ti fa bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ya, wọ́n fi wọ́n sáàárín ẹ̀. Mo ṣí i wò. Kejìlélógún. Kọkànlélógójì. Kẹtàdínláàádọ́rùn-ún.

"Màámi, ẹ ti rí i."

"Àkókò wà fún mi láti kàwé báyìí. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà." Wọ́n yí kọ́là náà sódì. "Lọ́la, màá sọ fún wọn pé ojú mi ló ṣì. Mo ti dàgbà. Kò sẹ́ni tí kò ní gbà á gbọ́."

"Fáìlì yín ńkọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù fún mi. Ìwọ, ọmọ méjì ló wà lọ́rùn ẹ. Lọ jẹun, oúnjẹ wà nínú ìkòkò."

Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Mi ò sọ ọ́. Mo jẹun, mo fọ abọ́, mo ní ó dàárọ̀. Ara mi tiẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀ bí mo ṣe ń rìn lọ sílé, ìyẹn ló ń tì mí lójú jù títí dòní. Nígbà tí mo jókòó tán ni oorun wá dá lójú mi. Mò ń rò ó bí màámi ṣe máa jókòó tì wá lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, tí wọ́n á fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ fáìlì wọn bí ìṣe wọn, tí wọ́n á wá rántí, tí wọ́n á sì pa ẹnu dé.

Yàrá ìpàdé náà ò tóbi. Tábìlì gígùn kan, àga mẹ́jọ, fáànù tó ń ké. Akọ̀wé àgbà ilé ìwòsàn jókòó sídìí tábìlì náà, ọkùnrin kan tó gbọ́dọ̀ tọ́ ìka lá kó tó lè ṣí bébà. Èmi àti ọ̀gá wa wà lápá kan. Màámi nìkan wà ní òdìkejì, àpamọ́wọ́ wọn wà lórí itan wọn, wọn ò sì wojú mi.

"Ìyá, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa," ni akọ̀wé wí.

"Àṣìṣe mi ni, sà. Ojú mi ló ṣì. Ó wà nínú ìwé, mi ò rí i."

"Ṣé ìwé náà ò yé yín ni?"

"Ó yé mi. Ìwé náà dáa." Ohùn màámi ò gbọ̀n rárá. "Èmi ni mi ò fara balẹ̀."

Akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ "kò fara balẹ̀", ó fa igi sí i, ó kọ "àìbìkítà" sókè ẹ̀. Mo rí i láti ibi tí mo jókòó sí, torí pé ẹni tó bá ti ṣe tíṣà pẹ́ á mọ ìwé kà láti òdìkejì tábìlì. Ó wá yíjú sí wa.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ó wà nínú ìwé lóòótọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, sà," ni ọ̀gá wa dáhùn. Ẹsẹ̀ wọn tẹ tèmi mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pa fáìlì dé. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo gbé ìwé náà síwájú ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ pé 'Àkọsílẹ̀ há'. Ẹ bá mi wá ohun tó yẹ kéèyàn ṣe."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin, sà. Ẹ fara balẹ̀. Kò sí aláìsàn tó ń dúró dè yín."

Ó wò mí bóyá mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣí i. Ó lọ sí atọ́ka lẹ́yìn, ó tọ́ ìka lá, ó wo ibi tí ọ̀rọ̀ "há" ì bá wà. Ó pa á dé, ó tún ṣí i láti iwájú. Ó dé ojú ewé kejìlélógún, kò dúró. Ó kọjá kọkànlélógójì. Màámi gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn, wọ́n ń tẹ̀ lé ìka ẹ̀. Aago ara ògiri ti lo ìṣẹ́jú mẹ́fà kó tó dúró níbì kan, tó sì fi ìka gún un. Inú ẹ̀ dùn.

"Òun rèé. Àkọsílẹ̀ tó takú." Ó ń kà á sókè. "Kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Pa á rẹ́, kí o sì dá ti àná..."

Kò parí ẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo màámi.

"Ẹ̀yin náà ti pa á rẹ́, sà," ni mo wí. Omi ti ń bọ́ lójú mi, mi ò tiẹ̀ mọ̀. "Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe wà níbẹ̀, ó wà níbi mẹ́ta. Orúkọ mẹ́ta ni mo pè é, torí pé mi ò fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kan lò. Ìyá mi ò ṣe nǹkan kan. Ẹ má kọ ìyẹn sínú fáìlì wọn."

"Kí ló wá yẹ kí wọ́n ṣe?"

"Kí wọ́n yọjú lójú fèrèsé, kí wọ́n ní kí apòògùn tó ṣí fáìlì náà ṣáájú wọn pa tiẹ̀ dé."

Ọ̀gá wa gbé ẹsẹ̀ wọn kúrò lórí tèmi.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, màámi gbá mi mú. Wọ́n bínú. "Ta ló ní kí o sọ̀rọ̀? Ṣé mi ò ti parí ẹ̀?" Wọ́n kọjú sí ibòmíì, wọ́n ń lọ, wọ́n tún padà wá, wọ́n di apá mi mú, wọn ò sì fi í sílẹ̀ títí a fi dé yàrá káàdì. Wọ́n fa dúrọ́ọ̀ kan, wọ́n kó káàdì òfìfo fún mi, ó tó àádọ́ta.

"Ìṣòro kan, káàdì kan," ni wọ́n wí. "Ó yá, jókòó."

Ilé ìwòsàn ò dá ètò náà padà, ọ̀gá wa ò sì lé mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n tún ìwé náà kọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n máa lọ. Lójoojúmọ́ tí mo bá ṣíwọ́, yàrá káàdì ni mò ń lọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà sórí káàdì gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, láì fi nǹkan kan ṣe é lóge. Mo kọ ohun tó fà á sábẹ́ ẹ̀, mo sì kọ ohun tó yẹ kéèyàn ṣe tẹ̀ lé e. Màámi ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkàn mi ò balẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá ti pẹ́ lórí káàdì kan, màá na ọrùn wo ohun tí mo kọ síbẹ̀. Mo bẹ Ó-ti-tán, mo ní kó má bínú sí ọ̀rọ̀ èdè tí mo sọ sí i lọ́jọ́sí. Ó ní ó ti tán.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, màámi gbé káàdì méjì síwájú mi, wọn ò sì sọ nǹkan kan. Mo kà wọ́n. Mo ti tún sọ ìṣòro kan lórúkọ méjì. Àgbàlagbà ni mí, mo bí ọmọ méjì, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́kún. Mo fa ọ̀kan ya.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì, màámi bẹ akọ̀wé àgbà kó jẹ́ kí àwọn wo fáìlì àwọn. Mo wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan dé ìgbẹ̀yìn, wọ́n pa á dé, wọ́n fi ọwọ́ nu ẹ̀yìn ẹ̀.

"Kò sí," ni wọ́n wí, wọ́n sì mú àpamọ́wọ́ wọn.

Fáìlì tèmi wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá wa. Lẹ́tà kan wà nínú ẹ̀ báyìí, ìpínrọ̀ mẹ́rin. Nínú ìpínrọ̀ kìíní, wọ́n pe ohun tí mo ṣe ní àìbìkítà. Mò ń ka ìyókù lọ, mò ń wá orúkọ mìíràn tí wọ́n máa pè é. Nínú ìkejì, àìbìkítà ni. Nínú ìkẹta, àìbìkítà. Nígbà tí mo dé ìkẹrin, mi ò wá nǹkan kan mọ́, mo buwọ́ lù ú.